Mo Ní Joel Ló Ń Tú Àṣírí Ikọ̀ Wa

Ẹ bá mi ka èyí tán kí ẹ tó bú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, bí èébú bá wà lẹ́nu yín, ẹ bú mi dáadáa, torí èyí tí mo ti bú ara mi pọ̀ ju èyí tí ẹ máa bú mi lọ.

Verna Prokopchuk lorúkọ mi. Torvald ni mò ń gbé, ìlú kékeré kan ní Saskatchewan, níbi tó jẹ́ pé bí o bá sín nílé, àwọn aládùúgbò á bi ẹ́ lọ́jọ́ kejì bóyá òtútù ti lọ. Àgbẹ̀ ni Murray, ọkọ mi. Wade, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń gbá họ́kì orí yìnyín fún ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa. Èmi ni mò ń bá ikọ̀ náà rán nǹkan. Bí ìbọ̀wọ́ ya, bí tìmùtìmù èjìká já, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Nínú oṣù kọkànlá, ikọ̀ wa ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti Pelly Creek, ìlú tó múlé gbè wá, ọ̀tá wa lórí yìnyín láti ayé bàbá bàbá wa. A fún wọn ní ọmọ kan, wọ́n fún wa ní Joel Tourond. Àwọn ọmọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá gbá họ́kì, ilé ará ìlú ni wọ́n ń gbé títí sáà á fi parí. Ẹ óò fún wọn ní yàrá, ẹ óò bọ́ wọn, ẹ óò sì máa bá wọn wí bí ọmọ yín. Ilé wa ni wọ́n gbé Joel wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó gùn, ó tinrin, ó sì máa ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi ń pè mí ní Mọ́mì.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí kóòṣì mú Wade kúrò láàárín àwọn tó ń kọ́kọ́ wọlé, tó fi Joel síbẹ̀.

Títí di Kérésìmesì, àwa la wà lókè tábìlì. Gbogbo ìlú ń rìn bí ẹni tó jogún. Àní, ọkùnrin kan tó ń wá ọmọ fún yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti ránṣẹ́ sí kóòṣì pé òun ń bọ̀ ní Torvald nínú oṣù kejì, tìtorí Joel nìkan. Ọmọ náà ò ní bàbá, ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ní ilé ìtura kan. Yunifásítì yẹn ni ọ̀nà rẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ọdún yí ni nǹkan dàrú. Ọmọ yìí fara pa, tọ̀hún fara pa, a bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu, bí sáà họ́kì bá dé ìdajì, kò sí ikọ̀ tí kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù ṣe ń nà wá yàtọ̀ sí bí Pelly Creek ṣe ń nà wá. Pelly Creek ń nà wá bí ẹni tó ti wo inú aṣọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Nínú họ́kì, ẹnikẹ́ni kì í sọ ibi tó ń dùn ún. Bí eegun ìhà ọmọ bá sán, ohun tí kóòṣì máa sọ fún oníròyìn ni pé òkè ara ló ń dùn ún. Bó bá jẹ́ ìbàdí, á ní ìsàlẹ̀ ara ni. Ó parí síbẹ̀. Ìdí ni pé bí alátakò bá mọ ojú ibi tó ń dùn ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa fi èjìká kàn.

Kóòṣì wa, Lyle Brandt, fúnra rẹ̀ ló gbé àwo àyà Sawatzky, ọ̀gá àwọn ọmọ ikọ̀ wa, wá sílé mi.

"Verna, bá mi fi tìmùtìmù díẹ̀ kún un ní ìhà òsì. Inú ni kó wà o, kó má hàn síta. Eegun ibẹ̀ ti sán."

"Kò le."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Lyle, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún? Ṣé mo jọ rédíò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo rán an dáadáa. Mo gbé ọmọ náà sínú àdúrà bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wọn, mo sì sùn.

Ní Sátidé yẹn, a lọ bá Pelly Creek nílé wọn. Eré ò tíì gbóná tí ọmọ wọn kan tó sanra bí ilẹ̀kùn ilé ìṣúra fi fi pọ́ọ̀kì sílẹ̀, rọ́bà dúdú tó yẹ kó máa lé. Kò tiẹ̀ wò ó. Ìhà òsì Sawatzky ló sá lọ bá. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí ìjókòó mi. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e kúrò, àwọn ará Pelly Creek ti ń kọrin fún wa.

"Torvald, ẹ máa lọlé! Ìyá yín ti se ọbẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìbàdí ọ̀tún Petkau, adilémú wa, ni. Èmi ni mo rán bẹ́líìtì tó fi di ibẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí Pelly Creek wá sílé wa, gbogbo pọ́ọ̀kì tí wọ́n gbá ló lọ sílẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí ọmọ náà ò ti lè na ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Doreen ló jókòó tì mí. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ pè bí mo bá ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Ó gbá mi nígbọ̀nwọ́.

"Verna, ṣé o rí nǹkan tí mo rí?"

"Mo rí i."

"Ẹnìkan ń sọ fún wọn."

"Ta ni?"

"Ṣé èmi ni wàá bi? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sórí yìnyín. "Ọmọ ikọ̀ ibo ni Joel tẹ́lẹ̀? Dákẹ́, mi ò ní kí o sọ ọ́. Ọmọ ibo ni?"

"Pelly Creek."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ò ti kúrò lára Joel. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ń wo ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́, mo ń wo ohun tó ń rò. Kódà bó ṣe ń fọ abọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé ta ló ń fọ abọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kì í bá ṣe ẹni tó ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀.

Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, Joel á ní òun fẹ́ lọ wo okùn iná tí a fi ń mú ẹ́ńjìnnì mọ́tò gbóná. Ẹni tó fẹ́ wo okùn iná kì í pẹ́. Joel máa ń pẹ́.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́, kí n lè ní ohun tí mo ń ṣe, mo sì lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn gáréèjì. Ẹ wò mí, àgbàlagbà obìnrin, mo ń fetí sí ògiri bí olè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Apá òsì ni... Rárá, ẹ farabalẹ̀. Apá òsì... Ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mò ń sọ ọ́ fún yín o. Àárín èmi àtẹ̀yin ni."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣí. Ó pa fóònù mọ́lẹ̀ wéré.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan, Mọ́mì. Ẹnìkan ní Pelly Creek ni."

"Kò sẹ́nìkankan ti wá di ẹnìkan?"

Etí rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú." Ó gba apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé.

Mo sọ fún Murray ní yàrá. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀, kò wojú mi.

"Verna, ọmọ ní ọ̀rẹ́. Kí ló wà ńbẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ wo lèèyàn ń sá lọ pè ní gáréèjì nínú òtútù tó ń pa ajá?"

"Bó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́?"

"Obìnrin lèèyàn ń sọ fún pé apá òsì ni?"

Ó bọ́ bàtà kejì. "Bó bá jẹ́ pé Wade ló wà ní ipò tí Joel wà, ṣé wàá máa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó bí mi nínú ni pé òótọ́ ló sọ.

Nínú oṣù kìíní, ọjọ́ kan wà tí ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ ń tì. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó wà nínú ikọ̀ kan ti di tibẹ̀ títí sáà á fi parí. Gbogbo ọmọ ló ń bẹ̀rù fóònù lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni Lyle Brandt wá gbé ìbọ̀wọ́ tí mo tún ṣe. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Verna, ìwọ lo sún mọ́ àwọn ọmọ yìí jù. Ẹnìkan ń tà wá. Ṣé o ti rí nǹkan kan?"

Fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí Wade níta, òun nìkan, tó ń gbá pọ́ọ̀kì mọ́ ògiri abà. Ó gbá a, ó lọ mú un, ó tún gbá a. Ní Sátidé tó kọjá, bí ó ṣe wọ aṣọ eré ló ṣe bọ́ ọ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pè é wọlé. Inú mi bà jẹ́, ẹ̀yin ìyá, inú mi bà jẹ́ dọ́ba.

"Mo gbọ́ nígbà tí Joel ń pe Pelly Creek," ni mo wí.

"Kí ló sọ?"

Ibí yìí ni kí ẹ ti dúró wò mí. Òsì ni mo gbọ́. Apá òsì, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn.

"Ó ní ìhà òsì Sawatzky ni."

Ó dẹ́kun fìlà yíyí. "Ṣé ó dá ẹ lójú? Ọmọ èèyàn ni o. Bí mo bá ti lé e, ó ti lọ nìyẹn, ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn ò ní tẹ̀ lé e débi tó bá lọ."

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Lọ́jọ́ kejì, fóònù Joel dún lórí tábìlì ìdáná mi bó ṣe ń jẹ ẹyin. Ó gbọ́, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, kóòṣì," ó sì gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Caribou Falls ni wọ́n gbé e lọ, ní òpin àríwá, ikọ̀ tó gbẹ́yìn tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń lọ wo ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ìkookò. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

"Bí họ́kì ṣe máa ń rí nìyẹn, ọmọ mi."

Mo di pẹrógì fún un, oúnjẹ ìyẹ̀fun tó kún fún ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì, tó fẹ́ràn. Ó pọ̀ jù. Ẹni tó ní ẹ̀bi lọ́rùn kì í mọ ìwọ̀n oúnjẹ. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá ṣì wà lójú ọ̀nà, níbi tí fóònù kì í ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi pe Bàbá Clem, ilé ẹ̀ ni mo gbé ní Pelly Creek. Orí bàbá yẹn ti ń gbàgbé nǹkan látìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú. Kì í rántí ibi tí oògùn ẹ̀ wà. Apá òsì kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, lókè. Bí àwọn ọmọ ẹ̀ bá mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n máa gbé e lọ, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí."

Apá òsì. Ohun tí mo gbọ́ ní gáréèjì nìyẹn.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin òǹkàwé: ilẹ̀kùn ò tíì tì. Ọ̀sán ṣì ni. Fóònù wà lára ògiri, nọ́ńbà Lyle wà lórí mi. Ká ní mo pè é nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo fóònù náà. Mo rántí Wade lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí tan ara mi. Ta ló mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa? Ọmọ tó gbọ́n lè wá bàbá arúgbó fi bojú. Bí kì í bá sì í ṣe òun, ta ni? Mo dì mọ́ ọn, mo ní kó máa lọ láyọ̀.

Mi ò pe Bàbá Clem lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Bí mo bá pè é tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni màá fi ojú mi ṣe?

Doreen ní tiẹ̀ fò fáyọ̀. "Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

Wade padà sí ipò rẹ̀, ó sì gbá dáadáa. A na ikọ̀ kan, a tún na òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sùn. Lẹ́yìn náà ni Wade ṣubú níbi ìdánrawò, tó fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀. Kóòṣì ní kí n rán nǹkan líle sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

"Joel ti lọ," ni mo fi dá a lóhùn. "Ta ló kù tó máa gbọ́?"

Mo rán an. Ọmọ mi ni, kò tó kí n dá gbàdúrà. Mo pe Doreen lọ́jọ́rú. "Bá mi fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Wade sádùúrà. Pelly Creek ń bọ̀ ní Sátidé."

"Màá pe àwọn tó kù," ni Doreen wí. "Ọlọ́run á gbọ́."

Ó gbọ́ o. Kì í ṣe òun nìkan.

Ní Sátidé, pápá kún bámúbámú. Wade gba pọ́ọ̀kì, ó sáré, gbogbo wa dìde. Ọmọ Pelly Creek kan wá láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbé igi rẹ̀ sókè, ó sì là á mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi, níbi tí ìbọ̀wọ́ pín sí gan-an. Wade wolẹ̀ lórí eékún. Mo ti gbọ́ igbe ọmọ yẹn nígbà tó ń yọ eyín. Mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Doreen wò mí, èmi náà wò ó. Joel wà ní Caribou Falls, kò sì mọ̀ pé Wade ṣubú.

"Ta wá ni?" Doreen ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé kì í ṣe awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn? Ojú ẹ̀ ò wù mí láti ọjọ́ yìí."

Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ fura sí awakọ̀. Mo fura sí dókítà. Mo tiẹ̀ fura sí Murray, torí ó máa ń bá àwọn àgbẹ̀ Pelly Creek mu kọfí. Mo ń fura sí gbogbo ayé bí mo ṣe ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, kí n lè gba yìnyín fún ọwọ́ ọmọ mi.

Ìlà gùn níbẹ̀. Ìyàwó kóòṣì wa wà níwájú, àwọn òbí Sawatzky wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn mú ife kọfí lọ́wọ́. Ni ìyá arúgbó kan tó wé síkáàfù Pelly Creek mọ́rùn bá là wọ́n kọjá, ó na apá sí mi. Ìyáàfin Eunice ti ìjọ Pelly Creek ni. Èèyàn dáadáa ni. Omijé wà lójú rẹ̀.

"Verna! Háà, Verna mi! Ọwọ́ tí a ti ń gbàdúrà lé lórí láti ọjọ́rú!"

"Kí lẹ wí, Mà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún Wade ńkọ́! Wọ́n pè mí, mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdí oúnjẹ gan-an ni mo ti ní kí gbogbo ilé mi di ọwọ́ ara wọn mú. Mo dárúkọ ọwọ́ náà, mo ní ọrùn ọwọ́ o, tọ̀tún o, kí Ọlọ́run má baà ṣì í ṣe. Ọkọ ọmọ mi ló ṣe Àmín tó ròkè jù." Ó nu ojú rẹ̀. "Bí a ṣe ṣe fún ìhà òsì ọmọ Sawatzky náà nìyẹn. Àti ìbàdí adilémú yín. Mi ò mọ ohun tó dé tí àdúrà wa ò fi gbà."

Ọkọ ọmọ Ìyáàfin Eunice ni kóòṣì Pelly Creek.

Doreen ti tẹ̀ lé mi débẹ̀. Ife Doreen já bọ́, kọfí dà sí bàtà rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìjọ Torvald àti ìjọ Pelly Creek, pásítọ̀ kan náà ló ń tọ́jú wa, torí pé a ò pọ̀ tó kí kálukú ní tiẹ̀. Àdúrà wa, àtagbà ni. Èmi á pe Doreen, Doreen á pe ẹlòmíràn, ìyẹn á pe ẹnìkejì rẹ̀, títí á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Pelly Creek. Mo mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Eunice. Mo sì mọ ọkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ka àdúrà mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Lójú mi, Ọlọ́run ni mo sọ fún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti èmi bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyàwó kóòṣì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Joel," ló wí. Orúkọ yẹn nìkan. Ó sì yí padà lọ bá ọkọ rẹ̀.

Lyle bá mi ní yàrá ìtọ́jú, níbi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ Wade. Mo ti ń sunkún kó tó wọlé.

"Pè é padà, Lyle. Jọ̀ọ́. Màá sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni."

"Ilẹ̀kùn ti tì, Verna. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò mọ̀ pé..."

"Ó dá ẹ lójú bí orúkọ ẹ. Ohun tí o sọ nìyẹn."

Wade gbé ojú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n lé Joel?"

"Torí tìẹ ni, ọmọ mi."

"Mi ò rán yín níṣẹ́." Ó kọjú sí ògiri. "Òun ló ń ràn mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdánrawò. Lójoojúmọ́. Ó ní títí màá fi padà sí ipò mi, òun ò ní jẹ́ kó rẹ̀ mí."



Mo pe Joel lọ́jọ́ kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì yọ nǹkan kan sílẹ̀: ilẹ̀kùn gáréèjì, ọ̀rọ̀ tí mo fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, fóònù tí mo wò tí mi ò gbé. Nǹkan kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ẹ pe Bàbá Clem lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn?"

"Rárá."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé e dé ọsibítù. Kò lo oògùn. Nígbà tí mo padà rí i pè, kò dá mi mọ̀ dáadáa mọ́. Ó ti padà sílé báyìí, ọmọ ẹ̀ obìnrin ń wá lọ́sàn-án, wọn ò tíì gbé e lọ. Inú bọ́ọ̀sì la máa ń wà níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níbi tí fóònù kì í ṣiṣẹ́, mi ò lè máa rí i pè. Ẹ máa bá mi pè é, Ìyáàfin Prokopchuk. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyáàfin Prokopchuk. Ó ti pa fóònù tipẹ́, mo ṣì di tèmi mú.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà náà wá nínú oṣù kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ẹnìkan sọ fún un pé ọmọ tó wá wò ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó jẹ ọ̀dùnkún díndín, ó wo eré dé ìdajì, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ni wọ́n ń wí. Ìka mi wà lọ́wọ́ mi pérépéré, mo sì fi ń ránṣọ.

Doreen pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní ká fi Joel sínú àdúrà àtagbà. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ètè ni mo ti ń gba tèmi báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ká pẹ̀lú "ẹ bá mi gbàdúrà fún un," ẹ wo ẹni tó ń ṣe Àmín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fura sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹnu ara yín wò.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mò ń pe Bàbá Clem. Mo ń sọ fún un pé apá òsì ni, lókè, mo sì ń dúró títí yóò fi gbé oògùn náà mì. Bó bá ti gbé e mì tán, á ní, "Fún Joel ní fóònù."

"Kò sí níbí mọ́, Bàbá. Wọ́n ti gbé e lọ sí àríwá."

"Àríwá? Irú ọmọ dáadáa yẹn? Ta ló lé e?"

Mo purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, mo ní bí họ́kì ṣe máa ń rí nìyẹn. Mi ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà, òótọ́ ni mò ń sọ.

"Èmi ni, Bàbá. Mo purọ́ mọ́ ọn."

Nígbà mìíràn, á bú mi, á ní kí n má pe òun mọ́. Nígbà mìíràn, á máa sunkún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ó ti tó. Mo ti dárí jì ẹ́." Mo gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè mìíràn ń bọ̀, Bàbá Clem á sì ti gbàgbé pé òun dárí jì mí. Á gbé oògùn rẹ̀ mì, á ní kí n fún Joel ní fóònù, á sì tún bi mí pé ta ló lé e.